Ẹrù Tó Ṣẹ́kù Nílẹ̀ Kò Sọnù

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń gba Addis Ababa lọ rajà ní Dubai àti Guangzhou, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ̀rọ̀. Mo ń gbọ́ bí ẹ ṣe ń bínú bí wọ́n bá ní báàgì yín kan kò ní bá yín wọ ọkọ̀ òfurufú, pé ọkọ̀ ọ̀la ni yóò gbé e wá. Ẹ óò ní wọ́n fojú di yín ni. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn, n kò ní bá wọn purọ́. Àmọ́ ìgbà mìíràn wà tó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ Addis Ababa ló kọ ẹrù yín.

Pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà fi nǹkan bíi mítà 41 péré ga ju ojú òkun lọ. Ti Nairobi lé ní mítà 1,600, ti Addis Ababa lé ní 2,300. El Alto tó wà lókè La Paz ní Bolivia lé ní 4,000. Bí ilẹ̀ bá ṣe ń ga sí i ni afẹ́fẹ́ ń fẹ́lẹ́ sí i. Ti Addis Ababa kò ju nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ti etí òkun, ti El Alto sì jẹ́ bí ìdá méjì nínú mẹ́ta. Bí oòrùn bá wá mú, á tún fẹ́lẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ yìí náà ló ń gbé ìyẹ́ ọkọ̀ ró, òun náà ni ẹ́ńjìnnì ń fà mu kí ó tó lè lágbára. Nítorí náà, ọkọ̀ tó bá fẹ́ gbéra ní irú ibi gíga bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ sáré lórí ilẹ̀ ju bí yóò ti sá ní Ìkẹjà lọ, ẹ́ńjìnnì tí kò lágbára tó ti Ìkẹjà ni yóò sì fi sá a. Ojú ọ̀nà á máa tán lọ. Táyà pàápàá ní iye eré tí wọ́n ṣe é fún, tí kò gbọdọ̀ kọjá. Bí ọkọ̀ bá sì kúrò nílẹ̀ tán, kò ní tètè gòkè, bí òkè tilẹ̀ wà níwájú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dín ìwúwo ọkọ̀ kù, yálà ẹrù ni o tàbí epo.

Àgbò tó fẹ̀yìn rìn, agbára ló lọ mú wá. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ọkọ̀ Ethiopian Airlines tó ń ti Addis Ababa lọ sí Washington fi ń yà ní Dublin láti rọ epo, nítorí pé kò lè gbé gbogbo epo ìrìn àjò náà kúrò ní ìlú gíga bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ń ti Washington bọ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ kò ga, tààrà ló ń bọ̀ wálé. Ní oṣù kẹfà ọdún 2017, nígbà tí ooru Phoenix ní Amẹ́ríkà fẹ́ dé ìwọ̀n 49 lórí òṣùwọ̀n Celsius, wọ́n fagi lé ìrìn àjò ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kéékèèké, nítorí ìwé àwọn ọkọ̀ náà kò fọwọ́ sí ohun tó bá ju bíi 48 lọ. Àwọn èrò bínú. Wọ́n sì wà láàyè láti bínú.

Ẹ wá gbọ́ ti Nairobi. Ní ọjọ́ 20 oṣù kọkànlá ọdún 1974, Boeing 747 ti Lufthansa ń gbéra níbẹ̀ láàárọ̀, ó ń lọ sí Johannesburg. Èèyàn 157 ló wà nínú rẹ̀. Àwọn abala kan wà létí iwájú ìyẹ́ tó yẹ kí wọ́n yọ síta kí ìyẹ́ lè gbé ọkọ̀ nígbà tí eré kò tíì pọ̀. Atẹ́gùn láti inú ẹ́ńjìnnì ló ń tì wọ́n jáde. Lọ́jọ́ náà, ojú ọ̀nà atẹ́gùn yìí wà ní títì, kò sì sí ohun tó kìlọ̀ fún àwọn awakọ̀. Ọkọ̀ dìde díẹ̀, ó ń gbọ̀n, kò lè gòkè, ó sì já lulẹ̀ kété lẹ́yìn ojú ọ̀nà. Èèyàn 59 ló kú. Gíga Nairobi kọ́ ló gbàgbé ohun tí ènìyàn gbàgbé, àmọ́ ó dín àyè tí ènìyàn ì bá fi tún un ṣe kù. Lẹ́yìn ìjàǹbá yìí ni wọ́n fi ìkìlọ̀ kún ọkọ̀ náà.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú ni èyí: orí ìdúró la ti ń ṣe ìpinnu ìgbéra. Iye eré kan wà tí àwọn awakọ̀ ń pè ní V1. Kí táyà tó yí ni wọ́n ti ṣírò rẹ̀, wọ́n wo bí ọkọ̀ ti wúwo tó, ooru ọjọ́ náà, gíga ilẹ̀ àti gígùn ojú ọ̀nà. Bí ẹ́ńjìnnì kan bá kú kí wọ́n tó dé ibẹ̀, wọ́n á tẹ bíréèkì. Bí wọ́n bá ti kọjá ibẹ̀, wọ́n á fi èyí tó kù gbéra, wọ́n á sì yí padà wá balẹ̀. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Kò sí àyè fún ìgbìmọ̀ nígbà tí ojú ọ̀nà bá ń tán lọ.

Bí a bá wá purọ́ ìwọ̀n fún wọn ńkọ́? Wọn kì í sábà gbé èrò kọ̀ọ̀kan sórí òṣùwọ̀n. Ìwọ̀n kan tí wọ́n ti fojú bù ni wọ́n ń lò fún ènìyàn àti ẹrù ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń wọ aṣọ mẹ́ta lé ara, tí ẹ ń fi ẹ̀rọ pa mọ́ sínú àpò, ẹ ṣe ìṣirò yìí: kílò 5 lórí èrò 200, tọ́ọ̀nù kan nìyẹn tí awakọ̀ kò mọ̀ nípa rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ní Zaria àti níbòmíràn, ọ̀gá yóò máa kánjú, èrò yóò máa pariwo. Bí ìṣirò bá ní ẹrù ti pọ̀ jù, ẹ sọ bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì sọ ọ́ kí ọkọ̀ tó kúrò lójú kan. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ jẹ́ kí òṣùwọ̀n rí gbogbo ohun tí ẹ gbé. Ẹ tọ́jú ìwé ẹrù yín dáadáa, kí ẹ wá wọkọ̀. Oníbàárà tó bá dúró dè yín di ọ̀la kò tíì sọnù, ọjà tó bá sì pẹ́ ọjọ́ kan ṣì lérè lórí.