Ta Ló Ń Yan Adájọ́? Èló Ni Ẹjọ́?

Lọ́jọ́ ìdìbò, àwọn ará Agége àti Ìkẹjà máa ń tò láti yan gómìnà, aṣòfin, alága káńsù àti káńsẹ́lọ̀. Kò sí ìwé ìdìbò kankan tí orúkọ adájọ́ wà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, adájọ́ ló lè ní kí ẹ kó jáde nínú ilé tí ẹ ń gbé. Òun ló lè ní kí onígbèsè san owó yín. Òun ló lè rán ọmọ yín lọ sẹ́wọ̀n, òun náà ló sì lè ní kó máa lọ sílé. Ẹni tí agbára rẹ̀ tó báyìí, ó yẹ ká mọ bó ṣe dé orí àga. Ó sì yẹ ká mọ iye tí yóò ná wa ká tó lè dúró níwájú rẹ̀.

Ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 ló la ọ̀nà náà sílẹ̀. Ẹni tí yóò bá di adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga gbọ́dọ̀ ti jẹ́ lọ́yà fún ọdún 10, ó kéré tán. Ìgbìmọ̀ kan wà ní Àbújá tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn adájọ́ káàkiri orílẹ̀-èdè, NJC ni wọ́n ń pè é. NJC yóò fi orúkọ ṣọwọ́ sí gómìnà, gómìnà yóò sì yan ẹni náà. Tó bá jẹ́ adájọ́ àgbà ìpínlẹ̀ ni, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pẹ̀lú. Tẹ́lẹ̀, tí adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga bá ti pé ẹni ọdún 65, ó di dandan kó fẹ̀yìn tì. Láti ọdún 2023, ó ti di 70. Ti àwọn májísíréètì, ìyẹn àwọn adájọ́ kóòtù kékeré, yàtọ̀ díẹ̀: ìgbìmọ̀ tó ń rí sí iṣẹ́ ilé ẹjọ́ nínú ìpínlẹ̀ ló ń gbà wọ́n síṣẹ́.

Ẹ lè rò pé, nígbà tó jẹ́ gómìnà ló yàn án, gómìnà náà lè lé e lọ bó bá ṣe wù ú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Kwárà dáhùn ìyẹn. Ní ọdún 2009, gómìnà àti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fẹ́ yọ adájọ́ àgbà wọn, obìnrin kan tó ń jẹ́ Raliat Elelu-Habeeb, kúrò nípò. Obìnrin náà kò gbà. Ẹjọ́ rìn títí ó fi dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Àbújá. Ní ọdún 2012, àwọn adájọ́ ibẹ̀ sọ pé gómìnà àti àwọn aṣòfin kò lè dá yọ adájọ́ àgbà láìjẹ́ pé NJC lọ́wọ́ sí i. Ìdájọ́ yìí ṣe gbogbo wa láǹfààní, nítorí adájọ́ tó bá ń bẹ̀rù pé wọ́n lè lé òun lọ́la kò ní lè dá ìjọba lẹ́bi lónìí.

Ní Amẹ́ríkà, nǹkan ò rí bẹ́ẹ̀ níbi púpọ̀. Ní ìpínlẹ̀ Texas, ìbò ni wọ́n fi ń yan adájọ́, títí dórí àwọn tó wà ní ilé ẹjọ́ tó ga jù nínú ìpínlẹ̀ náà. Ó dáa létí: ará ìlú ló yan ẹni tí yóò dá ẹjọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ West Virginia. Iléeṣẹ́ kan tó ń wa èédú jẹ̀bi ẹjọ́ olówó ńlá. Kí ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tó dé òkè, ìdìbò adájọ́ wáyé ní 2004, ọ̀gá iléeṣẹ́ náà sì ná nǹkan bíi mílíọ̀nù 3 dọ́là kí ẹni tó ń tì lẹ́yìn lè wọlé. Ẹni náà wọlé. Nígbà tí ẹjọ́ náà dé, ó jókòó gbọ́ ọ, iléeṣẹ́ náà sì jàre. Ní 2009 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà sọ pé kò yẹ kí adájọ́ yìí dá sí ẹjọ́ náà rárá.

Èmi fara mọ́ tiwa. Gbogbo wa la mọ iye tí ìbò ń ná ènìyàn ní Èkó. Adájọ́ tó bá gba owó lọ́wọ́ àwọn ọlọ́rọ̀ láti fi tẹ pósítà, ọjọ́ tí olówó rẹ̀ bá dúró níwájú rẹ̀ ńkọ́? Ṣùgbọ́n ẹni tí a kò fi ìbò yàn, a kò lè fi ìbò yọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí òfin fi gbà wá láyè láti kọ ìwé ẹ̀sùn sí NJC bí adájọ́ bá gba rìbá tàbí tó hùwà àìtọ́. Ẹ kíyè sí i o: pé ẹjọ́ kò gbè yín kì í ṣe ìwà àìtọ́. Ti ìyẹn, ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ni ẹ ó pè.

Báwo wá ni a ṣe ń mọ adájọ́ rere tí a kò dìbò fún? Lójú tèmi, ohun méjì ni ká wò. Àkọ́kọ́, ṣé ó ń gbọ́ tọ̀tún tòsì? Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, ìwé òfin wa náà sì sọ bẹ́ẹ̀ ní abala 36. Abala yẹn kan náà sọ pé bí wọ́n bá fẹ̀sùn ọ̀daràn kan ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kóòtù gbọ́dọ̀ wá ògbufọ̀ fún un láìgba kọ́bọ̀. Ẹ má ṣe tijú láti béèrè. Ẹni tó bá ní ó yé òun nígbà tí kò yé e lè fi ẹnu ara rẹ̀ gba ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ìkejì ni iye tí ẹjọ́ ń ná ènìyàn, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Lójoojúmọ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló ń jí lọ síṣẹ́ láwọn iléeṣẹ́ tó wà ní Ọba Akran, Ògbà, Agídíńgbì àti Ọ̀rẹ̀gún. Púpọ̀ nínú wọn, ọjọ́ tí wọn kò bá wọ iṣẹ́, wọn kò gba owó. Bí ẹnì kan bá ń lépa gbèsè 200,000 náírà, tí kóòtù sì ń sún ẹjọ́ síwájú lóṣooṣù fún ọdún méjì, owó ọkọ̀, owó lọ́yà àti owó iṣẹ́ tó pàdánù yóò ti ju gbèsè náà lọ. Onígbèsè mọ èyí dáadáa, ìdí nìyẹn tó fi máa ń sọ pé, “Lọ pẹjọ́!” Ẹjọ́ tó gbówó lórí kò lè jẹ́ òdodo fún tálákà, ìbáà jẹ́ Sólómọ́nì ló ń dá a.

Adájọ́ kan wà tó gbìyànjú láti tún ibẹ̀ ṣe. Ọpẹ́yẹmí Òkè ni orúkọ rẹ̀. Ó di adájọ́ àgbà ìpínlẹ̀ Èkó ní ọdún 2017, ó sì fẹ̀yìn tì ní 2019. Kò lò tó ọdún méjì. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹrin ọdún 2018, ó dá kóòtù kan sílẹ̀ lábẹ́ àwọn májísíréètì, fún ẹjọ́ gbèsè tí kò ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ. Lára pátákó, Small Claims Court ni ẹ ó rí. Èkó ló kọ́kọ́ dá irú rẹ̀ sílẹ̀ lọ́nà yìí, lẹ́yìn náà làwọn ìpínlẹ̀ mìíràn tẹ̀ lé e. Kò pọn dandan kí ẹ gba lọ́yà níbẹ̀. Ẹ lè rojọ́ fúnra yín. Òfin kóòtù náà sì sọ pé láti ọjọ́ tí ẹ bá pẹjọ́ sí ọjọ́ ìdájọ́ kò gbọ́dọ̀ ju 60 ọjọ́ lọ.

Ẹ jẹ́ ká fi obìnrin kan tó ń se oúnjẹ tà fún àwọn iléeṣẹ́ ṣe àpẹẹrẹ. Iléeṣẹ́ kan ní kó gbé oúnjẹ wá fún ayẹyẹ wọn. Ó gbé e lọ, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n san díẹ̀, wọ́n ní kó máa bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ di oṣù. Ohun àkọ́kọ́ tí yóò ṣe ni kó kọ lẹ́tà béèrè owó rẹ̀. Fọ́ọ̀mù rẹ̀ wà ní kóòtù. Ohun tó máa wà nínú rẹ̀ kò ju báyìí lọ:

“Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹta, mo gbé abọ́ oúnjẹ 200 wá sí iléeṣẹ́ yín. Ọ̀gá ilé ìdáná yín fọwọ́ sí ìwé pé ó gbà á. Abọ́ kan jẹ́ 1,900 náírà. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 380,000 náírà. Ẹ ti san 100,000. Ó ku 280,000. Mo ń béèrè owó mi.”

Ẹ wo bí lẹ́tà yìí ṣe mọ́ tónítóní. Kò bú ẹnikẹ́ni. Kò sọ pé wọ́n ba ọkàn òun jẹ́, nítorí iye owó tó dájú ni kóòtù yìí ń gbọ́, kì í ṣe ti ọgbẹ́ ọkàn. Ọjọ́ wà níbẹ̀, iye wà níbẹ̀, ẹni tó gba ọjà wà níbẹ̀. Yóò tọ́jú ẹ̀dà lẹ́tà náà, ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí, àti àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù tí wọ́n fi bẹ̀ ẹ́ pé kó ní sùúrù. Ẹ̀bẹ̀ yẹn fúnra rẹ̀, ẹ̀rí ni, torí ẹni tí kò jẹ gbèsè kì í bẹ̀bẹ̀ fún àsìkò.

Bí wọn kò bá dá a lóhùn, yóò gba kóòtù lọ. Fún àwọn ará agbègbè wa, kóòtù májísíréètì wà ní Ìkẹjà, òmíràn sì wà ní Ògbà. Akọ̀wé kóòtù yóò fún un ní fọ́ọ̀mù, yóò sì sọ iye tí yóò san. Kó béèrè rìsíìtì fún gbogbo kọ́bọ̀ tó bá san. Láàárín ọjọ́ 7, akódà kóòtù yóò mú ìwé ìpẹ̀jọ́ lọ fún iléeṣẹ́ náà. Bí wọ́n bá ń sá fún un, kóòtù lè ní kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn wọn. Wọ́n ní ọjọ́ 7 láti fèsì. Lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́, májísíréètì yóò kọ́kọ́ wò ó bóyá wọ́n lè parí rẹ̀ ní ìtùnbí-ìnùbí. Bí kò bá ṣeé ṣe, yóò gbọ́ ẹjọ́, yóò sì dá a. Kí obìnrin yìí má pa ọjọ́ kankan jẹ o, torí ẹ̀yìn ẹni tí kò wá ni wọ́n máa ń dá ẹjọ́.

Owó oṣù òṣìṣẹ́ kò sí nínú ohun tí kóòtù yìí ń gbọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti tún ìwé òfin ṣe ní 2011, ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá rẹ̀ ti di ti National Industrial Court, ti Èkó sì wà ní Ìkòyí. Ibí yìí ló ń dùn mí jù. Àwọn iléeṣẹ́ wà ní Ìkẹjà, àwọn òṣìṣẹ́ ń gbé ní Agége, Ìju àti Abúlé Ẹ̀gbá, kóòtù wọn sì wà lódìkejì ọ̀sà. Ẹni tí wọ́n lé lẹ́nu iṣẹ́ láìsan owó rẹ̀, níbo ni yóò ti rí owó ọkọ̀? Ó yẹ kí kóòtù náà máa jókòó ní Ìkẹjà, ó kéré tán lọ́jọ́ mélòó kan nínú oṣù.

Nítorí pé kóòtù jìnnà sí ènìyàn ni ọ̀pọ̀ fi ń gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ. Wọ́n á ní kí ọlọ́pàá bá àwọn gba gbèsè. Òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020 kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó sọ pé wọn kò gbọ́dọ̀ mú ènìyàn torí pé ó jẹ gbèsè lásán tàbí torí pé kò mú àdéhùn ṣẹ. Bó bá sì jẹ́ ẹ̀sùn ọ̀daràn ni, ìwé òfin sọ pé níbi tí kóòtù bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan péré ni wọ́n lè fi mú ènìyàn mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó gbé e dé kóòtù. Láti Agége sí Ògbà kò tó kìlómítà 10. Ọ̀fẹ́ sì ni béèlì. Ẹni tí kò lówó lọ́yà lè lọ sí Office of the Public Defender, ìyẹn ọ́fíìsì ìjọba Èkó tó ń bá tálákà rojọ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Kì í ṣe gbogbo ìjà ló yẹ kó dé kóòtù. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, onílé àti ayálégbé tí wọ́n ṣì fẹ́ máa gbé pọ̀ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Fún irú wọn, Citizens’ Mediation Centre ti wà láti 1999. Ọ̀fẹ́ ni, àwọn tó wà níbẹ̀ yóò pe ẹ̀yin méjèèjì jókòó, ohun tí ẹ bá jọ gbà ni ẹ ó kọ sílẹ̀, ẹ ó sì fọwọ́ sí i.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ obìnrin olóúnjẹ. Ká ní ó jàre, májísíréètì sì ní kí wọ́n san 280,000. Ìdájọ́ kì í rìn lọ sí báńkì fúnra rẹ̀. Bí wọn kò bá san, yóò padà lọ bá akọ̀wé kóòtù pé òun fẹ́ kí wọ́n mú ìdájọ́ náà ṣẹ. Kóòtù lè fún akódà láṣẹ láti kó ẹrù onígbèsè, kí wọ́n tà á, kí wọ́n fi san owó náà. Ọ̀pọ̀ ló ń rẹ̀ níbí yìí, tí wọ́n á fi ìwé ìdájọ́ sábẹ́ ìbùsùn. Torí náà, kó tó pẹjọ́ rárá ló ti yẹ kó mọ báńkì tí iléeṣẹ́ náà ń lò, ibi tí wọ́n ń kó ọjà sí, àti orúkọ tí wọ́n fi forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, kó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan náà tó ń kọ gbèsè sí.