Kí Ni Kò Sí Nínú Oúnjẹ Àwọn Àgbébọ̀ Yín?

Lẹ́tà: Ọ̀ọ́dúnrún adìẹ Isa Brown ni mo ń sìn lẹ́bàá Ìwó níbí. Láti ìgbà tí wọ́n ti wà ní ọmọ ọjọ́ kan ni mo ti ń tọ́ wọn bọ̀, wọ́n sì ti pé ọ̀sẹ̀ 22 báyìí. Àpò oúnjẹ kan, kílò 25, ni wọ́n ń jẹ lójúmọ́. Kíréètì ẹyin mẹ́rin ni mò ń kó. Ó ti ń lọ sí ọ̀sẹ̀ kẹta tí kò kúrò níbẹ̀. Ẹyin ọ̀hún kéré bí ẹyin awó, àwọn oníbàárà mi ti ń kùn. Wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìyẹ́ ara wọn tu, wọ́n ń jẹ ẹ́. Ìdí àwọn kan ti pá. Ìgbà tí sóyà di ọ̀wọ́n ni mo yọ ọ́ kúrò, tí mo fi kúlíkúlí rọ́pò rẹ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún kílò, àgbàdo 50, kúlíkúlí 20, èèrí àlìkámà 12, PKC (èérún èkùrọ́) 6. Ìyókù jẹ́ òkúta lílọ̀, eegun, iyọ̀ àti premix. Ẹni tó ń bá mi lọ̀ ọ́ ṣírò rẹ̀, ó ní purotéènì rẹ̀ tó ìdá 16 ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún. Aládùúgbò mi ní kí n tún fi kúlíkúlí kún un. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀? — Ìyá Alẹ́yin, Ìwó.

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú làálàá àwọn adìẹ wọ̀nyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi kúlíkúlí kankan kún un. Ìṣirò ọlọ́lọ̀ yín kò ṣìnà, mo tún un ṣe, iye tó rí náà ni èmi náà rí. Ohun tó ṣírò gan-an ni kò tó láti fi mọ̀ bóyá adìẹ yín yó.

Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ lọ sí yàrá àyẹ̀wò láti mọ iye purotéènì inú rẹ̀, nitrogen ni wọ́n ń wọ̀n. Iye nitrogen tí wọ́n bá rí ni wọ́n ń sọ di púpọ̀ ní ọ̀nà 6.25, wọ́n á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé purotéènì nìyí. Irú purotéènì tó jẹ́, wọn ò sọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni purotéènì kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo. Ohun kéékèèké tí wọ́n ń pè ní amino acid ló para pọ̀ di purotéènì, irú wọn sì jẹ́ ogún. Adìẹ lè fúnra rẹ̀ ṣe nǹkan bí ìdajì wọn nínú ara; ìyókù, àfi kó rí wọn jẹ.

Ẹ wo ẹni tó ń sín ìlẹ̀kẹ̀ ìdí, tó jẹ́ pé pupa méjì, funfun kan, dúdú kan ni bátànì rẹ̀. Bí funfun bá tán, iṣẹ́ dúró nìyẹn, ìbáà jẹ́ pé igbá kan gbáko ni pupa tó wà nílẹ̀. Ẹyin náà ní bátànì tirẹ̀, adìẹ kò sì lè yí i padà. Bí amino acid kan bá wọ́n, kò ní yé ẹyin tí nǹkan yẹn kò sí nínú rẹ̀. Èyí tó kéré ni yóò yé, tàbí kó má tilẹ̀ yé lọ́jọ́ náà.

Onímọ̀ kan wà ní Illinois, ní Amẹ́ríkà, tó ń jẹ́ William Rose. Ó kó gbogbo amino acid tí àwọn onímọ̀ ti mọ̀ nígbà ayé rẹ̀ jọ, ó fi wọ́n bọ́ eku dípò purotéènì, àwọn eku ń jẹ, wọ́n ń rù. Ọ̀kan péré ló kù tí ẹnikẹ́ni ò tíì mọ̀ pé ó wà. Lọ́dún 1935 ló rí i, threonine ni orúkọ rẹ̀. Ìgbà tó bọ́ sínú oúnjẹ ni àwọn eku náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà.

Nínú oúnjẹ adìẹ tiwa tó jẹ́ àgbàdo àti sóyà, methionine ló sábà máa ń kọ́kọ́ wọ́n, lysine a sì tẹ̀ lé e. Nínú tiyín, méjèèjì ló wọ́n. Àgbàdo kò ní lysine púpọ̀. Sóyà ní in dáadáa, òun ló sì ń bo àṣírí àgbàdo. Ìgbà tí ẹ yọ sóyà tí ẹ fi kúlíkúlí sí i, purotéènì orí ìwé kò yẹ̀, ṣùgbọ́n kúlíkúlí kò ní lysine tó bẹ́ẹ̀, kò sì ní methionine tó bẹ́ẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀ fún mi, n ò rí methionine oníyẹ̀fun, n ò rí ẹja, n ò rí sóyà. Ibẹ̀ ni wàhálà ti wọlé.

Ẹ jẹ́ ká wá fi ojú adìẹ wò ó. Kílò 25 pín sí ọ̀nà 300 jẹ́ gíráàmù 83 fún adìẹ kan. Ìdá 16 ààbọ̀ nínú 83 kò pé gíráàmù 14 purotéènì. Methionine tó wà nínú rẹ̀, bí mo ṣe ṣírò rẹ̀, kò tó 200 mílígíráàmù. Lysine rẹ̀ wà ní bíi 440. Ìwé NRC (National Research Council) ti Amẹ́ríkà, tí wọ́n tẹ̀ lọ́dún 1994, sọ pé adìẹ tó ń yé ẹyin aláwọ̀ pupa nílò gíráàmù 16 ààbọ̀ purotéènì lójúmọ́, 330 mílígíráàmù methionine àti 760 lysine. Adìẹ òde òní ń yé ju ti ìgbà yẹn lọ, àwọn tó ń mú irú wọn jáde sì ń béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ fún wọn. Gbogbo olùsìn adìẹ tó ń ka ojú ìwé yìí ni mo fẹ́ kó fi ìyẹn sọ́kàn: adìẹ kì í jẹ ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, gíráàmù ló ń jẹ. Oúnjẹ tí purotéènì rẹ̀ jẹ́ ìdá 17 tí adìẹ jẹ 110 gíráàmù nínú rẹ̀ àti èyí tó jẹ 80 péré nínú rẹ̀ kì í ṣe oúnjẹ kan náà lára adìẹ.

Ọjọ́ orí wọn tún dá kún un. Adìẹ ọ̀sẹ̀ 22 ṣì ń dàgbà, ó ń to ẹran sára, ó tún ń yé ẹyin. Purotéènì inú ẹyin kan ṣoṣo tó gíráàmù 6 sí 7. Àgbàlagbà adìẹ ti parí ìdàgbà tirẹ̀, ikùn rẹ̀ sì gba oúnjẹ ju ti ọmọdé lọ. Ọ̀dọ́ àgbébọ̀ ni bùkátà rẹ̀ pọ̀ jù nígbà tí ikùn rẹ̀ ṣì kéré. Ìdí nìyẹn tí oúnjẹ rẹ̀ fi gbọ́dọ̀ ki ju ti àgbàlagbà lọ, kì í ṣe kó fẹ́lẹ́ jù ú lọ.

Ọ̀rọ̀ ìyẹ́ tí wọ́n ń jẹ dùn mí púpọ̀, nítorí ìyà ni fún wọn. Ìyẹ́ adìẹ kún fún cystine, tó jẹ́ pé ara methionine ni adìẹ ti ń rí i ṣe bí kò bá rí i jẹ tó. Adìẹ tí ebi methionine ń pa máa ń wá a kiri, ẹ̀yìn ẹnìkejì rẹ̀ ló sì máa ń rí i. Iyọ̀ tí kò tó, iná tó mọ́lẹ̀ jù àti àyè tó há lè fa irú rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí náà ẹ wo ìyẹn náà. Èyí tó bá ti ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ yọ ọ́ sọ́tọ̀ lónìí. Bí àwọn yòókù bá tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò, wọn ò ní fi í sílẹ̀ mọ́.

Kí ló dé tí kúlíkúlí sí i kò fi ní wo èyí sàn? Purotéènì tí bátànì ẹyin kò lò, adìẹ kò ní ibi tí yóò tọ́jú rẹ̀ sí. Yóò sun ún, ooru á mú un sí i, yóò sì tú nitrogen rẹ̀ jáde sínú ìgbẹ́. Ìgbẹ́ á máa tutù, òórùn ammonia á máa ta yín lójú bí ẹ bá ṣílẹ̀kùn láàárọ̀. Arginine tó pọ̀ nínú ẹ̀pà tún lè bá lysine jà, ó sì lè mú kí adìẹ nílò lysine ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ewu èbu tún wà níbẹ̀. Lọ́dún 1960, nǹkan bí ọ̀kẹ́ márùn-ún tòlótòló ló kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Oúnjẹ tí wọ́n fi èérún ẹ̀pà láti Brazil pò ni wọ́n jẹ, ara ìyẹn ni wọ́n sì ti rí májèlé èbu tí a ń pè ní aflatoxin. Kúlíkúlí tí a kó pamọ́ síbi tó lọ́rinrin máa ń ní in, kì í sì í hàn sójú nígbà gbogbo. Ẹ̀dọ̀ adìẹ ló ń bàjẹ́, ẹyin á sì máa dín kù díẹ̀díẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ pò nìyí fún ọgọ́rùn-ún kílò. Àgbàdo 52, sóyà tí wọ́n ti fún epo rẹ̀ 18, kúlíkúlí tó dára 4, èèrí àlìkámà 10, PKC 4, ẹja lílọ̀ 1, òkúta lílọ̀ 8, eegun 2, premix 250 gíráàmù, iyọ̀ 300, methionine 150, lysine 100. Bó bá jẹ́ sóyà odindi tí wọ́n yan lẹ rí, ẹ gbé e sí 21, kí àgbàdo sọ̀ kalẹ̀ sí 49. Purotéènì oúnjẹ tuntun yìí kò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ púpọ̀, á wà ní bí ìdá 17. Ṣùgbọ́n bí adìẹ bá jẹ gíráàmù 105 nínú rẹ̀, methionine rẹ̀ á ju 400 mílígíráàmù lọ, lysine rẹ̀ á sì lé ní 850. Mo mọ̀ pé sóyà wọ́n. Bí apá kò bá ká 18, ẹ ṣe 12 tàbí 13, kí ẹ fi kúlíkúlí dí ìyókù, ṣùgbọ́n kí ẹ fi lysine kún un dé 200 gíráàmù, kí ẹ má sì fọwọ́ kan methionine. Nínú gbogbo owó tó ń lọ sórí àpò oúnjẹ, ti ìyẹ̀fun méjèèjì yìí ni n ò ní gbà kí olùsìn adìẹ dín kù.

Ọ̀nà tí ẹ ó gbà pò ó ṣe pàtàkì gan-an. Ìkúùkù díẹ̀ ni 150 gíráàmù jẹ́. Bí ọlọ́lọ̀ bá dà á lé orí ọgọ́rùn-ún kílò lẹ́ẹ̀kan, apá kan á jẹ ẹ́ yó, apá kan kò ní rí i. Ẹ kọ́kọ́ po methionine, lysine àti premix mọ́ àgbàdo lílọ̀ kílò méjì nínú ike, kí ẹ fọwọ́ rò ó títí tí yóò fi jọra wọn. Ẹ tún da ìyẹn mọ́ kílò mẹ́wàá, lẹ́yìn náà ni kó tó wọnú ẹ̀rọ. Ẹ dúró níbẹ̀ kí wọ́n ṣe é lójú yín. Methionine gidi máa ń rùn díẹ̀ bí ẹyin tó ti pẹ́. Bí èyí tí wọ́n tà fún yín kò bá rùn rárá, ẹ wá ibòmíràn rà.

Sóyà tútù kò dára fún adìẹ, nítorí ohun kan wà nínú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí purotéènì dà nínú ikùn. Iná ló ń pa á. Ẹ fọ́ hóró kan sẹ́nu: bó bá ṣì ń rùn bí ẹ̀wà tútù, kò tíì jinná. Àwọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ rí bí ẹ̀pà yíyan. Bó bá ti ń dúdú, iná ti jẹ lysine rẹ̀ lọ, owó yín náà ti bá a lọ. Ní ti ẹja, ẹ bu ṣíbí kan sínú ife omi mímọ́, kí ẹ rò ó, kí ẹ fi sílẹ̀ díẹ̀. Bí iyanrìn bá tò sí ìsàlẹ̀, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.

Ẹ má yí oúnjẹ náà padà lọ́jọ́ kan. Ẹ po tuntun mọ́ ti àtijọ́, kí ó tó bí ọ̀sẹ̀ kan kó tó di tuntun pátá. Kí wọ́n sì jẹ ju 83 lọ. Ẹ fún wọn lóúnjẹ ní ìdájí àti ní ìrọ̀lẹ́ tí oòrùn ti rọlẹ̀, kí omi tútù má wọ́n wọn lọ́sàn-án, nítorí adìẹ tí òùngbẹ ń gbẹ kì í jẹun. Ẹ wọn bí ogún nínú wọn lórí òṣùwọ̀n. Ní ọ̀sẹ̀ 18, Isa Brown yẹ kó tó kílò kan ààbọ̀ tàbí kó sún mọ́ ọn. Èyí tó bá ṣì wà nísàlẹ̀ ìyẹn ní ọ̀sẹ̀ 22 kò jẹun tó láti ìgbà èwe ni, oúnjẹ tuntun kò sì ní sọ ọ́ di ńlá lójijì.

Bí ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta bá kọjá tí iye ẹyin kò gòkè, ẹ ké sí dókítà ẹranko kó wo aràn àti abẹ́rẹ́ àrùn Newcastle wọn, kó sì ṣí òkú kan wò bí òkú bá wà. Iye ẹyin ló máa kọ́kọ́ yí padà, títóbi rẹ̀ á tẹ̀ lé e, ìyẹ́ ló máa pẹ́ jù kó tó hù. Bí wọ́n bá sì dàgbà kọjá ọ̀sẹ̀ 45, tí ẹyin wá ń tóbi jù tí èèpo rẹ̀ ń sán, ẹ dín methionine náà kù díẹ̀díẹ̀, kí ẹ fi òkúta lílọ̀ kún un dé 9.