Èdè-Ìperí fún Bàálù Àtilẹ̀darí nínú Iṣẹ́ Àgbẹ̀

Ẹ̀rọ kékeré tí ń fò lórí oko láìgbé ènìyàn kankan sínú ti di ohun èlò iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ilẹ̀ Japan àti Ṣáínà, ó sì ti ń ṣiṣẹ́ ní àwọn oko kan ní Nàìjíríà pẹ̀lú. Ìwé ìléwọ́ tí ó ń bá ẹ̀rọ náà rìn kì í sábà jẹ́ Yorùbá. Nígbà tí olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ tàbí ògbufọ̀ bá fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún àgbẹ̀, ọ̀rọ̀ mélòó kan wà tí ó lè ṣì í lọ́nà. Nínú wọn, àwọn kan kò ju pé kí etí má gbà á. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn wà tí àṣìlò wọn lè ba irè oko jẹ́, tí ó sì lè pa ẹni tí ń fín oògùn lára.

Orúkọ ẹ̀rọ náà

Akọ oyin ni ìtumọ̀ gan-an tí orúkọ Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀rọ yìí ní. Ní ọdún 1935 ni àwọn ológun Bìrìtìkó bẹ̀rẹ̀ sí í lo bàálù kan tí kò ní awakọ̀ nínú, kí àwọn ayìnbọn lè máa fi kọ́ bí a ti ń yìnbọn lu ohun tí ń fò. Wọ́n sì pè é ní Ayaba Oyin. Inú orúkọ yìí ni ọ̀pọ̀ gbà pé àwọn ológun Amẹ́ríkà ti mú akọ oyin jáde. Ìtàn náà dùn, ṣùgbọ́n kò ran ògbufọ̀ lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá kọ 'akọ oyin' sínú ìwé iṣẹ́ àgbẹ̀ yóò da ọ̀rọ̀ rú mọ́ ẹni tí ń sin oyin lójú, nítorí pé akọ oyin tòótọ́ ní orí tirẹ̀ nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni àyálò. Èdè Yorùbá kò gba ìṣùpọ̀ kọ́ńsónáǹtì, nítorí náà fáwẹ̀lì gbọ́dọ̀ wọ àárín, kí ọ̀rọ̀ náà di dúróònù. Àléébù rẹ̀ ni pé ó sún mọ́ dúrọ́ọ̀mù jù, èyí tí í ṣe àgbá ńlá tí a ń rọ omi tàbí epo sí, tí ó sì wọ́pọ̀ nínú oko gan-an níbi tí a ti ń po oògùn. Ẹ̀wẹ̀, inú ìròyìn ogun ni ọ̀pọ̀ ará ìlú ti kọ́kọ́ gbọ́ dúróònù. Síbẹ̀, ó kúrú, ó sì ti wà lẹ́nu àwọn ènìyàn. Kò sí ìwé tí yóò lé e lọ.

Àwọn kan a máa kọ 'ọkọ̀ òfurufú aláìláwakọ̀'. Ọ̀rọ̀ náà gún régé, ṣùgbọ́n kì í ṣe òótọ́. Ẹ̀rọ náà ní awakọ̀. Orí ilẹ̀ ni ó dúró sí. Bí oògùn bá fẹ́ dé inú adágún ẹja aládùúgbò, awakọ̀ yìí ni a ó bi léèrè. Ní Nàìjíríà pàápàá, àjọ tí ń mójú tó ìrìnnà òfurufú àti ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn lórí ètò ààbò ni ẹni tí yóò fò ó ti ń gba ìwé àṣẹ. Orúkọ tí ó bá sọ pé kò sí awakọ̀ yóò mú kí ojúṣe yìí fara sin. Ohun tí ó dára jù ni kí a tẹ̀lé ìlànà tí ó bí 'àtọwọ́dá', kí a sì pe ẹ̀rọ náà ní bàálù àtilẹ̀darí: bàálù tí a ti orí ilẹ̀ darí. Dúróònù lè wà fún ọ̀rọ̀ ẹnu, kí bàálù àtilẹ̀darí wà fún ìwé.

Lábẹ́ orúkọ yìí, oríṣi méjì ni a gbọ́dọ̀ yà sọ́tọ̀. Èkíní ni èyí tí ń gbé ẹ̀rọ ayàwòrán. 'Awòko' ni ìbá kúrú jù fún un, àmọ́ ó ti jọ orúkọ awoko jù, ẹyẹ olóhùn dídùn. Ayẹ̀kowò yóò sàn. Èkejì ni afínko, tí ń gbé oògùn. Afínko ni ó dàgbà jù nínú iṣẹ́ àgbẹ̀. Ní ọdún 1987 ni ilé-iṣẹ́ Yamaha parí R-50, hẹlikọ́pítà kékeré tí ó lè gbé 20 kílò, fún oko ìrẹsì ní Japan, níbi tí àwọn àgbẹ̀ ti ń darúgbó tí àwọn ọ̀dọ́ sì ń lọ sí ìlú ńlá. RMAX tẹ̀lé e ní 1997. Ní 2015 ni ilé-iṣẹ́ DJI ti Ṣáínà gbé Agras MG-1 jáde, tí ó ní abẹ̀bẹ̀ mẹ́jọ, tí ó sì ń gbé 10 kílò.

Ohun tí ayẹ̀kowò ń rí

Ewé tí ara rẹ̀ dá máa ń gba púpọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ pupa mọ́ra láti fi ṣe oúnjẹ. Ṣùgbọ́n ó máa ń dá púpọ̀ nínú ìtànṣán abẹ́-pupa padà, ìyẹn ìtànṣán tí ojú ènìyàn kò lè rí. Bí ó bá ti ń rẹ ewé náà, pupa tí ó ń dá padà yóò máa pọ̀ sí i, abẹ́-pupa yóò sì máa dín kù. Láti inú ìyàtọ̀ yìí ni a ti ń rí ohun tí a lè pè ní òṣùwọ̀n ìgbèrú-ewé: a ó yọ pupa kúrò nínú abẹ́-pupa, a ó sì fi àròpọ̀ àwọn méjèèjì pín ohun tí ó kù. Bí ewé kan bá dá 50 padà nínú 100 abẹ́-pupa, tí ó sì dá 8 padà nínú 100 pupa, 42 ni a ó fi 58 pín, òṣùwọ̀n rẹ̀ yóò sì jẹ́ 0.72. Bí òmíràn bá dá 40 àti 20 padà, 0.33 ni tirẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama lè ṣe ìṣirò yìí.

Òṣùwọ̀n náà kì í ṣe tuntun. Láti ìgbà tí Landsat àkọ́kọ́ ti gòkè lọ ní 1972 ni àwọn onímọ̀ ti ń fi irú rẹ̀ wo ilẹ̀ láti òkè. Ṣùgbọ́n ẹyọ-àwòrán kan láti ara Landsat ìgbà náà fẹ̀ tó nǹkan bí 80 mítà ní ìhà kọ̀ọ̀kan, ó ju ìdajì hẹ́kítà lọ. Odindi oko àgbẹ̀ kékeré lè máà ju ẹyọ kan lọ. Ẹyọ-àwòrán ayẹ̀kowò kò ju sẹ̀ǹtímítà díẹ̀, ó sì ń fò lábẹ́ ìkùukùu, èyí tí ó ṣe pàtàkì ní ilẹ̀ Yorùbá nígbà òjò, nígbà tí irúgbìn ń dàgbà tí ojú ọ̀run sì ṣú.

Níhìn-ín ni àṣìtumọ̀ tí ó wọ́pọ̀ ti ń wọlé. A máa ń gbọ́ pé ẹ̀rọ náà 'ń fi àrùn hàn'. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àárẹ̀ ni ó ń fi hàn. Omi tí kò tó lè fa àárẹ̀; omi tí ó pọ̀ jù lè fà á; àìtó náítírójìn, kòkòrò àti àrùn náà lè fà á. Nígbà mìíràn, ilẹ̀ lásán tí ó hàn láàárín irúgbìn tí a gbìn jìnnà síra ni ó fa òṣùwọ̀n sílẹ̀. Àgbẹ̀ tí a bá sọ fún pé àrùn ni yóò ra oògùn fún àgbàdo tí ajílẹ̀ ni ó ń fẹ́. Nítorí náà, 'àmì àárẹ̀' ni kí a máa kọ, kí a sì fi kún un pé ẹsẹ̀ ni yóò parí iṣẹ́ náà: àgbẹ̀ yóò rìn dé ibẹ̀, yóò sì tú ọ̀mùnú àgbàdo wò, nítorí inú rẹ̀ ni ìdin tí ó dé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní 2016 láti Amẹ́ríkà máa ń sá pa mọ́ sí. Àwọn irè mìíràn wà tí ojú òkè kò ràn rárá. Ara igi àti ẹ̀ka ni kòkó ti ń so, lábẹ́ ewé. Àrùn tí ń sọ èso rẹ̀ di dúdú lè ti jà tán kí ewé òkè tó yí padà. Ẹ̀gẹ́ sì rèé, inú ilẹ̀ ni tirẹ̀ wà.

Ní ti okòwò, wíwọn ilẹ̀ àti kíka irúgbìn ni èrè tí ó yá jù. Ebè ni àwọn baba fi ń ka iṣẹ́ lébìrà, igba-igba. Àwòrán láti òkè lè fi hẹ́kítà hàn fún báńkì tàbí olùrà láìsí àríyànjiyàn.

Ìwọ̀n oògùn

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, 'ìwọ̀n', ni ó wà fún ohun méjì tí ó yàtọ̀ síra nínú fífín oògùn, ibẹ̀ sì ni ewu wà. Kí a mú àpẹẹrẹ oògùn kan tí hẹ́kítà kan ń gba lítà 2 rẹ̀. Ẹni tí ń gbé ẹ̀rọ ìfín-oògùn kọ́ ẹ̀yìn lè lo nǹkan bí 200 lítà omi fún hẹ́kítà yìí, mìlílítà 10 oògùn sì ni yóò wà nínú lítà kọ̀ọ̀kan. Afínko kò lè gbé omi púpọ̀. Bí ó bá fín 20 lítà sórí hẹ́kítà kan náà, mìlílítà 100 ni yóò wà nínú lítà kan. Lítà 2 fún hẹ́kítà kò yí padà. Àpòpọ̀ inú agolo ni ó le ní ìlọ́po mẹ́wàá.

Bí ògbufọ̀ bá kọ 'ìwọ̀n oògùn: mìlílítà 10' lásán, awakọ̀ afínko tí ó tẹ̀lé e yóò fún oko ní ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tí ó yẹ. Kòkòrò kò ní kú, èyí tí ó bá sì là á já lè bí àwọn tí oògùn kò ràn mọ́. Bí ó bá kọ 'mìlílítà 100', tí ẹni tí ń gbé e kọ́ ẹ̀yìn sì tẹ̀lé e, lítà 20 ni yóò dà sórí hẹ́kítà kan, nígbà tí agolo tí ń jò sí i lẹ́yìn sì kún fún májèlé. Ó yẹ kí a ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀: ìwọ̀n-orí-hẹ́kítà àti ìwọ̀n-inú-lítà, kí a má sì kọ 'ìwọ̀n' láìfi ọ̀kan nínú wọn tẹ̀lé e. Kì í sì í ṣe gbogbo oògùn ni a lè pò le tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí a kọ sí ara agolo tí NAFDAC fọwọ́ sí ni yóò sọ.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù. Ẹ̀kán oògùn tí kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà fúyẹ́ débi pé afẹ́fẹ́ lè gbé e kọjá ààlà. Nítorí irú ewu yìí ni òfin tí Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe ní 2009 fi ka fífín oògùn láti òfurufú léèwọ̀, àfi níbi tí àṣẹ pàtàkì bá wà. 'Ìfẹ́dànù' ni àwọn kan ń pè é, ṣùgbọ́n ohun tí a dànù ti parí nìyẹn lójú ẹni tí ó gbọ́ ọ. Oògùn yìí kò parí. Ó bọ́ sórí ẹ̀fọ́ ẹlòmíràn, tàbí sórí òdòdó tí oyin ń bà. Ìṣìnà oògùn ni ó bá a mu.