Ọjọ́ Kan ní Aṣálẹ̀ Namib

Aṣálẹ̀ ni ilẹ̀ tí òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ sí. Iyanrìn àti òkúta ló pọ̀ níbẹ̀. Igi kò wọ́pọ̀, omi sì ṣọ̀wọ́n.

Aṣálẹ̀ Namib wà ní orílẹ̀-èdè Nàmíbíà, ní ìhà gúúsù Áfíríkà. Ó wà létí Òkun Àtìláńtíìkì, òkun kan náà tí à ń rí ní Kútọnu. Ìjọba ya apá kan sọ́tọ̀ nínú aṣálẹ̀ náà, kí ẹnikẹ́ni má baà ba ilẹ̀ àti ẹranko ibẹ̀ jẹ́. Orúkọ ọgbà náà ni Namib-Naukluft. Bí a bá pín ilẹ̀ Benin sí ọ̀nà mẹ́ta, ọgbà yìí tóbi ju ọ̀kan nínú rẹ̀ lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Bàbá, Ìyá àti àwọn ọmọ wọn méjì dé láti Windhoek, olú ìlú Nàmíbíà. Wọ́n pàgọ́ sí Sesriem, lẹ́nu ọ̀nà ọgbà náà. Ẹ̀gbọ́n jẹ́ ọmọbìnrin ọdún mọ́kànlá. Àbúrò jẹ́ ọmọkùnrin ọdún méje.

«Ẹ jẹ́ ká ṣètò lálẹ́ yìí,» ni Ìyá wí. «Aṣálẹ̀ kì í ṣe ibi tí à ń dé tán ká tó máa wá omi.»

Ẹ̀gbọ́n mú ìwé àti bírò.

«Ẹnì kọ̀ọ̀kan nílò lítà omi 4 fún ọjọ́ kan,» ni Bàbá wí. «Àwa mélòó là ń lọ?»

«Àwa mẹ́rin ni, Bàbá. Lítà 16 nìyẹn.»

«O káre. Kọ 20 sílẹ̀.»

Ẹnu ya Àbúrò. «Bàbá, ta ló ni lítà 4 tó lé yẹn?»

«Ohun tí a kò tíì rí ló ni ín,» ni Bàbá dáhùn.

Ohun tí Ẹ̀gbọ́n kọ sínú ìwé nìyí:

1. Omi: lítà 20.
2. Búrẹ́dì, ẹ̀pà àti èso.
3. Fìlà, aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn, bàtà tó bo ẹsẹ̀.
4. Epo ọkọ̀: kó kún.
5. Ká sọ ibi tí à ń lọ àti ìgbà tí a ó dé fún ẹni tó ń ṣọ́ àgọ́.

Bàbá ní kó fi òfin kan kún un: «Bí omi ọwọ́ wa bá ti ku ìdajì, ẹ̀yìn là ń padà sí.»

Ní ìdájí, wọ́n gbé omi náà sínú ọkọ̀. Ó wúwo. Àbúrò ń kùn, ṣùgbọ́n ó bá wọn gbé e.

Wọ́n ṣí ẹnu ọ̀nà ọgbà nígbà tí oòrùn yọ. Ọ̀nà ọ̀dà náà gùn tó kìlómítà 60. Ní kìlómítà 45, wọ́n rí òkè iyanrìn kan tó pupa bí epo. Dune 45 ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n gun òkè náà kí iyanrìn tó gbóná.

Ní ìparí ọ̀nà ọ̀dà, wọ́n fi ọkọ̀ wọn sílẹ̀. Kìlómítà 5 tó kù, iyanrìn rírọ̀ ni. Ọkọ̀ kékeré á rì sínú rẹ̀. Ọkọ̀ ńlá kan ló gbé wọn débẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn dé Deadvlei.

Ilẹ̀ ibẹ̀ funfun bí ẹfun. Àwọn igi dúdú dúró lórí rẹ̀, wọn kò ní ewé kankan. Láyé àtijọ́, omi odò máa ń ṣàn débẹ̀. Nígbà tó yá, iyanrìn dí ọ̀nà omi náà, àwọn igi sì kú. Ó ti ju ọdún 500 lọ. Wọn kò jẹrà, nítorí pé ilẹ̀ ibẹ̀ gbẹ jù.

Òkè iyanrìn kan wà níwájú wọn tó ga ju mítà 300 lọ.

«Ìyá, ẹ jẹ́ ká gun èyí náà!» ni Àbúrò kígbe.

Ẹ̀gbọ́n gbé ìgò omi sókè, ó wò ó. Omi ti ku ìdajì. Oòrùn sì ti mú.

Bàbá wo òkè náà pẹ́. Ó wu òun náà láti gùn ún. «Ẹ jẹ́ ká padà,» ni ó wí.

Àbúrò sunkún díẹ̀, ṣùgbọ́n ó tẹ̀ lé wọn.

Nígbà tí wọ́n padà dé ìdí ọkọ̀ wọn, wọ́n bá bàbá àgbà kan àti ìyàwó rẹ̀ lábẹ́ igi. Ètè wọn ti gbẹ. Ìgò omi wọn ti ṣófo.

«Ọmọ mi, ṣé ẹ ní omi díẹ̀?» ni ìyá àgbà bi Àbúrò.

Àbúrò sáré lọ sínú ọkọ̀. Ó bu omi fún wọn, wọ́n sì mu títí òùngbẹ wọn fi lọ.

«O ṣeun, ọmọ mi,» ni bàbá àgbà wí.

Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti dé àgọ́. Àbúrò dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní: «Bàbá, mo ti mọ ẹni tó ni lítà 4 yẹn.»

Ǹjẹ́ o mọ̀?
Kòkòrò dúdú kan wà ní aṣálẹ̀ Namib. Bí kùrukùru bá wá láti òkun, kòkòrò náà á gun orí iyanrìn, á dorí kodò, á gbé ìdí sókè. Omi kùrukùru á sẹ̀ sí i lẹ́yìn, á sì ṣàn wá sẹ́nu rẹ̀.

Ìbéèrè
1. Kí ló pa àwọn igi Deadvlei?
2. Kí ló dé tí Bàbá kò jẹ́ kí wọ́n gun òkè gíga náà?
3. Bí ènìyàn mẹ́fà bá ń lọ, lítà omi mélòó ni wọn yóò gbé, bí wọ́n bá fi 4 lé e?
4. Ta ló ni lítà omi 4 tó lé?