Eré omi lọ́fẹ̀ẹ́: Lọ́ńdọ̀nù tàbí Bradford?

Ìbéèrè: Àwọn ìbejì mi ti pé ọdún méje, Ìdòwú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn ni. Níbo ni kí n kó wọn lọ ṣeré omi lọ́fẹ̀ẹ́, Lọ́ńdọ̀nù tàbí Bradford? (Ìyá Ìbejì, Leeds)

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Ìyá Ìbejì. Ọdún 2012 ni wọ́n ṣí ibi méjèèjì tí mo ní lọ́kàn. Ní Granary Square, nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin King's Cross ní Lọ́ńdọ̀nù, ojú 1,080 ni omi ń gbà tú jáde látinú ilẹ̀. Omi kì í dúró níbẹ̀, ìyẹn ló dára fún Ìdòwú. Àmọ́ ẹ dákun, Regent's Canal wà nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn ibẹ̀ gan-an, omi yẹn kì í ṣe ti eré. Ẹ má fi ọwọ́ ọmọ sílẹ̀.

Síbẹ̀, Bradford ni mo fara mọ́. Adágún City Park fẹ̀ tó 4,000 mítà onígun mẹ́rin. Ojú omi inú rẹ̀ lé ní 100, èyí tó ga jù lè fò tó 30 mítà. Ẹ wo bí àwọn ìbejì yóò ṣe sáré! Omi ibẹ̀ máa ń dúró lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò jìn. Ẹ jókòó sétí rẹ̀, kí ẹ gbé fóònù sápò. Wọ́n máa ń fà á gbẹ bí ayẹyẹ bá wà, nítorí náà ẹ wádìí kí ẹ tó gbéra. Ẹ mú aṣọ ìpààrọ̀ dání, àti súwẹ́tà.