Ọkọ̀ Tó Ròkun, Tó Rọ̀sà, Ebúté Ni Yóò Forí Fún

Àwọn àgbà a máa sọ pé bí ọkọ̀ ròkun, bí ó rọ̀sà, ebúté ni yóò forí fún, wọn kì í sì í sọ ọ́ fún atukọ̀ nìkan. Ẹni tí ó fẹ́ fi ìlú ńlá sílẹ̀ kí ó lọ tẹ̀dó sí ìgbèríko ilẹ̀ òkèèrè, tí ó sì tún fẹ́ràn àtimáa fi ìgbòkun rìn lójú omi, ìyẹn aṣọ fífẹ̀ tí a ń ta mọ́ òpó ọkọ̀ kí afẹ́fẹ́ lè máa gbé e lọ, ni òwe náà bá wí jù lọ, nítorí pé ìfẹ́ omi a máa mú ènìyàn gbàgbé pé orí ilẹ̀ ni yóò sùn. Ní agbègbè Pobè àti Sakété, ní gúúsù ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, òwe yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ àpèjúwe ilẹ̀ náà gan-an: ibi tí a ti ń dáko tí a sì ń kọ́lé wà lókè, omi tí ìgbòkun lè bá lọ sì wà nísàlẹ̀ ní Àjàṣẹ́, tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo.

Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá tí ó bá gba Ìdíròkò kọjá sí Ìgólò, tí ó sì dé Sakété, yóò rí i pé ìrìn náà kò jìnnà tó bí ìwé ìrìnnà ti mú un rí. Àdéhùn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé ṣe ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889 ni ó fa ààlà gba àárín àwọn ènìyàn tí wọ́n ń sọ èdè kan náà, tí wọ́n sì ń bọ òrìṣà kan náà, títí tí Kétu fi bọ́ sọ́wọ́ Faransé tí Ìmẹ̀kọ, tí ó wà lábẹ́ Kétu tẹ́lẹ̀, sì bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Anthony Asíwájú, nínú ìwé tí ó gbé jáde ní ọdún 1976 lórí ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá lábẹ́ àwọn òyìnbó, fi hàn bí àwọn ará apá Faransé ti ń kó aya, ọmọ àti ẹrù kọjá sí apá Gẹ̀ẹ́sì nítorí owó orí, iṣẹ́ ipá àti kíkó àwọn ọ̀dọ́ sí ogun, pàápàá nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Ẹni tí ó bá ń ṣí láti Èkó tàbí láti Lọ́ńdọ́nù bọ̀ wá sí Pobè lónìí ń tọ ojú ọ̀nà tí ẹsẹ̀ ti tẹ̀ tipẹ́, àfi pé òdìkejì ni ó kọjú sí, ìfẹ́ ara rẹ̀ ni ó sì gbé e, kì í ṣe ìpọ́njú.

Síbẹ̀, àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Èdè tí ó jọra a máa tan àlejò jẹ, nítorí pé ẹni tí ó bá gbọ́ Ànàgó Sakété tí ó sì yé e lè rò pé òfin tí ó mọ̀ nílé náà ni yóò bá níbẹ̀, èyí tí kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Lábẹ́ àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS, àjọ ọrọ̀ ajé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, fọwọ́ sí ní ọdún 1979, ọmọ Nàìjíríà lè wọ Bẹ̀nẹ̀ kí ó sì wà níbẹ̀ fún 90 ọjọ́ láìgba físà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ fìdí kalẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ìwé ìgbélùú lọ́wọ́ ìjọba. Ti ilẹ̀ tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin ilẹ̀ tí Bẹ̀nẹ̀ ṣe ní ọdún 2013, tí wọ́n sì tún ṣe ní ọdún 2017, kò gba ẹni tí kì í ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè náà láyè láti ra ilẹ̀ ìgbèríko. Ohun tí ó lè ṣe ni pé kí ó yá a pẹ̀lú ìwé àdéhùn tí ó ní iye ọdún nínú. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń rọ àlejò pé kí ó san owó ilẹ̀ oko sílẹ̀ kí wọ́n fi orúkọ ìbátan kan bo ọ̀ràn náà mọ́lẹ̀ ń fa wàhálà tí ọmọ àlejò náà yóò jogún.

Yíyá ilẹ̀ kò yẹ kí ó jẹ́ ìtìjú fún ọmọ Yorùbá, nítorí pé ìṣákọ́lẹ̀, ìyẹn ohun tí ẹni tí ó gba ilẹ̀ dáko ń san fún onílẹ̀ lọ́dọọdún láti fi hàn pé òun mọ̀ pé ilẹ̀ náà lólóhun, ti wà ṣáájú ìwé òyìnbó. Ohun tí ìṣákọ́lẹ̀ kọ́ àwọn baba wa ṣì wúlò gan-an ní Pobè: ẹni tí ó gba ilẹ̀ lè gbin àgbàdo, ẹ̀gẹ́, ẹ̀wà tàbí ẹ̀pà, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ gbin igi tí yóò wà fún ọ̀pọ̀ ọdún láìgba àṣẹ, nítorí pé lójú onílẹ̀, ẹni tí ó gbin igi ti ń sọ pé ilẹ̀ di tòun. Ọ̀ràn yìí wúwo ní àgbègbè tí ọ̀pẹ ti jẹ́ ọba irúgbìn. Ní Pobè ni ibùdó ìwádìí lórí ọ̀pẹ wà láti ọdún 1922, ibẹ̀ sì ni àgbẹ̀ ti lè rí èso tẹnẹ́rà tòótọ́ rà, ìyẹn ọ̀pẹ tí a bí láti inú dura, tí èèpo èkùrọ́ rẹ̀ nípọn, àti pisifera, tí kò ní èèpo náà, tí ẹran ara eyin rẹ̀ fi pọ̀ tí epo rẹ̀ sì pọ̀ ju ti ọ̀pẹ ilẹ̀ lásán lọ. Bí a bá fi mítà mẹ́sàn-án sáàárín igi kan sí èkejì ní ìtò onígun mẹ́ta, hẹ́kítà kan a máa gba 143, wọn a sì bẹ̀rẹ̀ sí í so láàárín ọdún kẹta sí ìkẹrin. Ẹni tí ìwé ilẹ̀ rẹ̀ kò ju ọdún márùn-ún lọ kò ní ìdí láti gbin ọ̀pẹ. Kí ó gbin àgbàdo, kí ó sì jẹ́ kí àwọn ará ibẹ̀ mọ ìwà rẹ̀ ná. Kí ó tún wo irú ilẹ̀ tí wọ́n fún un, nítorí pé ilẹ̀ pupa Sakété rọrùn láti ro, ṣùgbọ́n amọ̀ dúdú ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí nítòsí Pobè a máa lẹ̀ mọ́ ọkọ́ ní ìgbà òjò, a sì máa sán ní ẹ̀ẹ̀rùn débi tí ẹsẹ̀ lè há sínú rẹ̀.

Nípa owó, ọ̀rọ̀ kò gùn. Sẹ́fà tí wọ́n ń ná ní Bẹ̀nẹ̀ so mọ́ owó yúrò ní iye kan ṣoṣo, 655.957 fún yúrò kan, náírà sì ń gòkè ó ń sọ̀ kalẹ̀, nítorí náà ẹni tí owó rẹ̀ ń ti Nàìjíríà wá lè rí i pé owó oúnjẹ oṣù mẹ́ta kò tó oṣù méjì mọ́. Ẹni tí ó da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù: kí oko fún ilé lóúnjẹ, kí ó sì ní ìnáwó oṣù mẹ́fà ní sẹ́fà kí ó tó kó ẹrù. Kí ó rántí pẹ̀lú pé Nàìjíríà ti ẹnu ibodè ilẹ̀ rẹ̀ láti oṣù kẹjọ ọdún 2019 títí di oṣù kejìlá ọdún 2020, tí ọ̀pọ̀ ẹni tí iṣẹ́ wọn wà níhìn-ín tí ilé wọn wà lọ́hùn-ún sì jìyà gidigidi.

Ohun tí a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a fagbára mú ní í le koko. Kí àlejò kí baálẹ̀ tàbí olórí abúlé kí ó tó kí ẹlòmíràn, kí ó kọ́ èdè Faransé tí yóò tó o lò ní ọ́fíìsì, kí ó sì béèrè ọjọ́ tí Orò yóò jáde, pàápàá bí obìnrin bá wà nínú ilé rẹ̀, nítorí pé kò sí ẹni tí yóò gba àìmọ̀ ní àwáwí nínú ọ̀ràn yẹn. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní tirẹ̀, eré ìbọlá fún àwọn ìyá wa tí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé ní ọdún 2001, ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, kò sì sí ibi tí àlejò ti lè tètè mọ ẹni tí ó wà nínú ìlú bí ojú agbo rẹ̀.

Omi ni ó kù, òun sì ni ó gba ìtọ́jú jù. Àjàṣẹ́ wà ní nǹkan bí ọgbọ̀n kìlómítà sí gúúsù Sakété, ó sì tún jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ sí Pobè. Odò Ouémé, tí gígùn rẹ̀ tó 510 kìlómítà, ni ó ń ṣàn wọ ọ̀sà Àjàṣẹ́ àti adágún Nokoué, ipadò tí wọ́n ń pè ní Totché sì so àwọn méjèèjì pọ̀. Láti Àjàṣẹ́ omi náà tún gba ìlà-oòrùn lọ sí Àgbádárìgì títí dé Èkó, ọ̀nà tí àwọn oníṣòwò fi ọkọ̀ rìn pẹ́ kí ọ̀nà ọ̀dà tó dé. Ẹni tí ó bá ń ronú láti gbé ọkọ̀ ìgbòkun òyìnbó wá gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ní ẹ̀ẹ̀rùn omi Nokoué kì í sábà jìn ju mítà méjì lọ, nítorí náà ọkọ̀ tí ó ní ìdí gígùn tí ó rì sísàlẹ̀ omi yóò gún sí ẹrẹ̀. Ọkọ̀ tí ìdí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, tí a sì lè dá òpó rẹ̀ sílẹ̀ kí ó lè kọjá lábẹ́ afárá, ni ó bá ibẹ̀ mu. Àwọn Tofin ará Ganvié àti àwọn ará Aguégué ti mọ èyí láti ìgbà àwọn baba ńlá wọn, tí wọ́n fi ń lo ọkọ̀ pákó pẹlẹbẹ, tí wọ́n sì ń rán àpò pọ̀ ṣe ìgbòkun onígun mẹ́rin sórí ọparun. Irú ìgbòkun yìí dára nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń bọ̀ lẹ́yìn, ṣùgbọ́n bí ó bá ṣe iwájú ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, ọ̀pá gígùn ni wọ́n fi ń ti ọkọ̀ padà. Ìgbòkun onígun mẹ́ta lè bá afẹ́fẹ́ jà nípa yíyà sọ́tùn-ún yíyà sósì títí yóò fi dé ibi tí ó ń lọ, ó kàn jẹ́ pé ó gba ẹ̀kọ́. Ní Èkó, ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ ìgbòkun kan, Lagos Yacht Club, ti wà láti ọdún 1932, ẹni tí ó bá sì ti kọ́ ìpilẹ̀ rẹ̀ kí ó tó ṣí lọ sí Sakété ti dín ewu ara rẹ̀ kù.

Atukọ̀ tó gbọ́n kì í gbára lé ojú lásán, nítorí pé inú omi yìí lólóhun bí ilẹ̀ ti lólóhun. Àkàjà, ẹ̀ka igi tí àwọn apẹja rì mọ́ ẹrẹ̀ kí ẹja lè fi ibẹ̀ ṣelé, jẹ́ oko olóko; nígbà tí omi bá kún, àwọn ẹ̀ka náà a bọ́ sábẹ́ omi díẹ̀, ọkọ̀ tí ó bá sì ya wọ inú wọn yóò bàjẹ́, yóò sì ba iṣẹ́ ẹlòmíràn jẹ́. Ojúoró ní í lékè omi, bẹ́ẹ̀ náà ni ewéko àjèjì kan tí òdòdó rẹ̀ dà bí àwọ̀ àlùkò ti lékè omi yìí láti bí ogójì ọdún sẹ́yìn: àkúnya Ouémé a máa gbé e wá láàárín oṣù kẹjọ sí oṣù kọkànlá, títí omi iyọ̀ òkun, tí ń gba ipadò tí wọ́n gbẹ́ ní Kútọnù ní ọdún 1885 wọlé, yóò fi pa á ní ẹ̀ẹ̀rùn. Ìjì ni ó léwu jù. Afẹ́fẹ́ ojoojúmọ́ ń ti gúúsù ìwọ̀-oòrùn fẹ́ wá, ṣùgbọ́n ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò, láti oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, ìlà-oòrùn ni ó ti ń bọ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹ̀yìn ni yóò ti ká atukọ̀ mọ́. Bí atẹ́gùn bá dákẹ́ lójijì, tí òkùnkùn sì ṣú ní ìlà-oòrùn, kí ìgbòkun wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí a fi ọ̀pá gún ẹrẹ̀ kí a so ọkọ̀ mọ́ ọn, kí gbogbo ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ sì ti wọ ẹ̀wù tí ń mú ènìyàn léfòó kí wọ́n tó kúrò ní ebúté.

Oore kan wà nínú ọ̀ràn yìí tí ó yẹ kí ẹni tí ń gbèrò mọ̀. Ìgbà tí ìjì ń jà lójú omi ni oko ń fẹ́ ọwọ́ jù. Ìgbà tí àkúnya àti ewéko bá dí ọ̀nà, ìkórè àti òjò kejì wà nílẹ̀. Nígbà tí ó bá sì di oṣù kejìlá sí oṣù kejì, tí àgbàdo ti wọ àká, ni omi ń fà, tí ewéko ń kú, tí atẹ́gùn ọ̀sán sì rọra ń fẹ́. Ọyẹ́ nìkan ni kò jẹ́ kí a ríran jìnnà láàárọ̀, nítorí náà kí atukọ̀ dúró títí oòrùn yóò fi jáde dáadáa. Láti ìgbà tí Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí epo tí wọ́n ń kó láti Nàìjíríà wá tà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ní Bẹ̀nẹ̀ náà sì wọ́n, ọkọ̀ tí kò mu epo kì í ṣe ọkọ̀ afẹ́ lásán mọ́. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi í kọjá sí Àgbádárìgì láìṣe pé ó fi ìwé rẹ̀ han àwọn òṣìṣẹ́ ibodè, nítorí pé ọ̀nà omi náà ni àwọn onífàyàwọ́ ń gbà, ojú kan náà ni wọn yóò sì fi wo gbogbo ọkọ̀.

Kí ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá fà sí ìgbésí ayé yìí dé ní oṣù kọkànlá, kí ó yá yàrá ní Sakété tàbí Pobè fún ọdún kan, kí ó má kọ́lé, kí ó má sì ra ọkọ̀. Ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́ yẹn, kí ó wá apẹja kan ní Aguégué tí yóò máa gbé e sínú ọkọ̀ tirẹ̀, kí ó sì máa san owó iṣẹ́ fún un bí a ti ń sanwó fún olùkọ́.