Òpó Àṣàyàn Nínú Àtẹ Kọ̀ǹpútà: Àpẹẹrẹ Láti Òṣogbo àti Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà

“Oshogbo” inú ìwé àtijọ́ kò yàtọ̀ sí Òṣogbo. “Ilesha” náà ni Iléṣà. Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà sì ni ẹlòmíràn ń kọ ní Ìjẹ̀bú-Ìjẹ̀ṣà. Ẹni tí ó ń kàwé mọ̀ pé ìlú kan náà ni. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀. Bí akọ̀wé mẹ́ta bá tẹ orúkọ ìlú kan ní ọ̀nà mẹ́ta, ìlú mẹ́ta ni ẹ̀rọ yóò kà, iye akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti ibẹ̀ wá yóò sì fọ́ sí mẹ́ta. Àmì ohùn tún dá kún un. Lẹ́tà “ẹ́” kò ní ẹyọ nọ́ńbà kan nínú Unicode: ó lè jẹ́ “ẹ” tí àmì ohùn gùn lórí, ó sì lè jẹ́ “e” lásán tí àmì ìsàlẹ̀ àti ti òkè tẹ̀ lé. Ojú kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yóò yà wọ́n, àfi bí ẹni tí ó ṣètò rẹ̀ bá ti kọ́kọ́ sọ wọ́n di ọ̀kan.

Àtúnṣe rẹ̀ ni kí akọ̀wé má tẹ orúkọ rárá, kí ó yàn án. Ohun tí ojú rí ni Gẹ̀ẹ́sì fi sọ òpó irú èyí lórúkọ, ìyẹn orúkọ tí ń já wálẹ̀. Atúmọ̀ tí ó bá pè é ní “òpó ajábọ́” ti ṣìnà, nítorí ohun tí ó já bọ́ kì í ṣe ohun tí ènìyàn fọwọ́ ara rẹ̀ yàn. Òpó àṣàyàn ni ó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu. Bákan náà ni “àtẹ” sàn ju “àwọ̀n” lọ: orí àtẹ ni ọlọ́jà ń to ọjà sí. Ibi tí gbogbo dátà wà ni àká.

Nínú àká yìí, àtẹ kan ni ti ìjọba ìbílẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà àti orúkọ. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní 30. Lára wọn ni Òṣogbo àti Ọlọ́rundá, Ìlà-Oòrùn àti Ìwọ̀-Oòrùn Iléṣà, Obòkun àti Oríadé. Àtẹ kejì ni ti akẹ́kọ̀ọ́. Nọ́ńbà nìkan ni ó ń yá láti inú ti àkọ́kọ́. Àmì àyálò ni orúkọ tí ó yẹ ẹ́, gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ àyálò. E. F. Codd ni ó gbé ìlànà yìí kalẹ̀ ní 1970.

Òpó àṣàyàn gbọ́dọ̀ mọ ohun mẹ́rin: àtẹ tí orúkọ yóò ti wá, ohun tí ojú yóò rí (orúkọ), ohun tí àká yóò pa mọ́ (nọ́ńbà), àti òpó àtẹ akẹ́kọ̀ọ́ tí nọ́ńbà náà ń lọ. Èkejì àti ẹ̀kẹta ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń dàpọ̀. Kí orúkọ sì ti wà nínú òpó kí ìlà akẹ́kọ̀ọ́ tó wọlé. Lórí DataGridView tí Microsoft gbé jáde ní 2005, ìlà tí ó bá gbé nọ́ńbà tí kò sí nínú àṣàyàn wọlé yóò mú kí ẹ̀rọ figbe ta.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni ti ìpínlẹ̀. Ọjọ́ 27, oṣù kẹjọ, 1991 ni Ọ̀ṣun yapa kúrò lára Ọ̀yọ́. Ìwé ọjọ́-ìbí ẹni tí wọ́n bí ní Iléṣà ní 1985 yóò sọ pé Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni. Bí olùtọ́jú àká bá pa “Iléṣà, Ọ̀yọ́” rẹ́ tí ó fi “Iléṣà, Ọ̀ṣun” rọ́pò rẹ̀ lórí nọ́ńbà kan náà, àká àti ìwé yóò takora, ẹni tí ó ni ìwé ni wọn yóò sì pè ní òpùrọ́. Ìlà méjì ni ó yẹ: ọ̀kan fún 1976 sí 1991, èkejì láti 1991, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Èyí tí kò tíì ní ọdún òpin nìkan ni akọ̀wé tí ó ń kọ àdírẹ́sì òde òní yóò rí. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti ń ṣí ìwé àtijọ́, méjèèjì gbọ́dọ̀ wà nínú òpó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀rọ yóò tún figbe ta.